Fífi Eré Orin Ṣe Iṣẹ́ Òòjọ́: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí Olórin Lè Gbà Jẹun, Kó sì Ní Ohùn Tirẹ̀

Olórin tó bá ti pinnu pé eré ṣíṣe lójú agbo ni òun yóò máa fi bọ́ ara òun àti ilé òun máa ń ko ìbéèrè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkíní ni pé níbo ni owó yóò ti máa wọlé? Ìkejì ni pé báwo ni òun yóò ṣe ní ohùn tó jẹ́ tòun, tí ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè, láì tíì rí ojú òun, yóò fi sọ pé lágbájá nìyẹn? Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún olórin ló ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀ sí ara wọn. Àwọn kan ní kó jókòó sínú yàrá títí yóò fi rí ohùn rẹ̀ kó tó jáde. Àwọn mìíràn ní kó wá owó ná, pé ohùn yóò tẹ̀ lé e. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Irú òde tí olórin ń lọ láti oṣù dé oṣù ló ń mọ ohùn rẹ̀, ẹni tó bá sì ń yan ọ̀nà tí owó yóò gbà wọlé ń yan irú olórin tí òun yóò dà lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ìdí nìyí tí n kò fi ní fi owó nìkan díwọ̀n àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wé ara wọn níhìn-ín.

Ohun tí a ó fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Ohun márùn-ún ni mo ń wò. Àkọ́kọ́ ni owó tó ń wọlé. Bó ṣe pọ̀ tó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù ni bóyá olórin lè mọ̀ lónìí iye tí yóò wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó gba owó ńlá lálẹ́ ọjọ́ kan, tí kò wá rí òde mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sàn ju ẹni tó ń gba díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ, nítorí pé owó ilé kì í dúró de òde. Èkejì ni ìnáwó: ohun èlò, owó ọkọ̀, ibi ìdánrawò, àti owó àwọn tí yóò báni ṣeré. Ẹ̀kẹta ni iye ìgbà tí ọ̀nà náà ń gbé olórin síwájú èèyàn gidi láàárín ọdún. Ẹ̀kẹrin ni àyè tí olórin ní: ta ló ń yan orin, ta ló ń sọ bí orin yóò ṣe yára tó, ta ló láṣẹ láti ní kó dákẹ́?

Ẹ̀karùn-ún ni ara, tí ọ̀pọ̀ olórin kì í kà kún ohunkóhun títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Etí ni mo ń bẹ̀rù fún jù. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ààbò àti ìlera àwọn òṣìṣẹ́, fi òpin ariwo tí etí lè gbà fún wákàtí 8 lójúmọ́ sí 85 lórí òṣùwọ̀n ariwo tí wọ́n ń pè ní désíbẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ní kí a dín àkókò náà kù sí ìdajì nígbàkigbà tí ariwo bá fi désíbẹ́ẹ̀lì 3 lé sí i. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó já sí wákàtí 4 ní 88, wákàtí 1 ní 94, àti ìṣẹ́jú 15 péré ní 100, bẹ́ẹ̀ sì ni orí ìtàgé tí ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti pàdé máa ń kọjá 100 láìsí ìṣòro. Ẹ̀yà ara tó ń gbọ́ ohùn nínú etí kì í hù padà bó bá ti kú. Nítorí náà, ọ̀nà tó bá fẹ́ kí ẹ ṣeré lóròòru gbọ́dọ̀ ní owó ohun tí a fi ń dí etí nínú ìṣirò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ní owó okùn gìtá.

Ṣíṣeré lẹ́yìn ọ̀gá

Èyí ni ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà n ó pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ olórin mìíràn gẹ́gẹ́ bí onígìtá, onílù, afunfèrè tàbí elégbè kò ní ẹrù òde wíwá lọ́rùn. Ọ̀gá ló ń wá òde, ọ̀gá ló ń ná owó pẹ̀lú àwọn tó pe eré, orúkọ ọ̀gá ló sì ń kó èrò wá. Owó ọmọ ẹgbẹ́ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbọ́kàn lé níwọ̀n ìgbà tí òde bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ìnáwó rẹ̀ kò sì ju ohun èlò tirẹ̀ àti ìtọ́jú ara rẹ̀ lọ. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ọ̀gá bá ṣàìsàn, tàbí tó bá pinnu láti sinmi, gbogbo ẹgbẹ́ ló sinmi nìyẹn láìsí ẹni tó bi wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́n máa ń jẹ́ kí ọ̀gá méjì tàbí mẹ́ta mọ òun, kí òun lè dípò ẹni tí kò bá ráyè wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀nà yìí ń kọ́ni ló jẹ́ kí n máa yìn ín. Ẹ wo onígìtá tó dúró sẹ́yìn ọ̀gá tó ń kọrin. Ojú rẹ̀ kò sí lára ìka tirẹ̀ rárá. Èjìká ọ̀gá àti ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń wò, nítorí pé ọwọ́ yẹn ni yóò sọ fún un pé kí orin wálẹ̀, pé kí ó ku ìlù nìkan, tàbí pé kí wọ́n tún ẹsẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ mú torí pé àwọn tó ń jó kò tíì fẹ́ kó parí. Kò sí ẹni tó máa ń ṣàlàyé èyí fún un ṣáájú. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti mọ ohun tí ìdánrawò inú yàrá kò lè kọ́ ọ, ìyẹn ìgbà tó yẹ kí gìtá òun dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ohùn olórin ló jẹ́ ibi tó ń dákẹ́ sí.

Àpẹẹrẹ àwọn tó gba ọ̀nà yìí kò lóǹkà. Ebenezer Obey ti bá Fatai Rolling Dollar ṣeré kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. King Sunny Adé wà nínú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá kó tó dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967. Jimi Hendrix ta gìtá lẹ́yìn Isley Brothers àti Little Richard ní 1964 àti 1965, kó tó di pé ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1966 tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Èyí tó yé mi jù nínú wọn ni ti Miles Davis, afun-tùráńpẹ́ẹ̀tì jazz, ẹni tó wọ ẹgbẹ́ Charlie Parker, afun-sásófóònù, ní 1945 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Dizzy Gillespie ni gbogbo afun-tùráńpẹ́ẹ̀tì ń wò ní àwòkọ́ṣe nígbà náà, ó yára bí iná, ohùn fèrè rẹ̀ sì ń lọ sókè réré. Miles kò lè bá a dé ibẹ̀. Ó dúró sí àárín, níbi tí ohùn fèrè ti tutù, ó ń fun díẹ̀, ó ń jẹ́ kí àyè wà láàárín ohùn kan àti èkejì. Nígbà tó fi máa di 1949, ó ti kó àwọn mẹ́jọ mìíràn jọ, tí wọ́n ń lu orin tó tutù, tó sì ń rìn gẹ̀ẹ̀gẹ̀ẹ̀, èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ọ̀gá rẹ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí bí ì bá ṣe mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ bí kò bá jẹ́ pé ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó jù ú lọ lálaalẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀nà yìí ní ọjọ́ tó yẹ kó parí. Àyè kéré níbẹ̀: ọ̀gá ló ń yan orin, ọ̀gá ló ń yan aṣọ pàápàá. Ẹni tó bá pẹ́ jù níbẹ̀ a máa gbọ́ ohùn ọ̀gá nínú ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó gbọ́ tirẹ̀. Àmì tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn wò ni èyí: bí wọ́n bá fún yín ní orin tuntun tí ọ̀gá kò tíì fọwọ́ kàn, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe? Bó bá jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá ì bá ṣe nìkan ló ń wá sọ́kàn, ó ti tó àkókò láti wá alẹ́ kan lóṣù tí yóò jẹ́ tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn mẹ́wàá péré ló wá gbọ́ yín.

Kíkọ orin olórin níbi kan náà

Ilé ìtura, ilé oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣeré níbi ìgbéyàwó ló wà lábẹ́ èyí. Bó bá jẹ́ pé owó tó dúró sójú kan ni ẹ ń wá, kò sí èyí tó tó o nínú gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ mẹ́nu bà. Àdéhùn rẹ̀ máa ń jẹ́ ti oṣù mélòó kan, ọjọ́ ìsanwó ṣe kedere, àwọn tó sì ń ṣeré nínú ọkọ̀ ojú omi kì í sanwó ibùsùn tàbí oúnjẹ ní gbogbo àkókò tí wọ́n bá fi wà níbẹ̀. Ìnáwó kò pọ̀, iye ìgbà tí ẹ ó ṣeré láàárín ọdún sì pọ̀ gan-an.

Àwọn èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀nà yìí, wọ́n á ní ẹni tó ń kọ orin olórin kò lè ní tirẹ̀ láéláé. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn Beatles kọ́kọ́ dé Hamburg ní Jámánì ní oṣù August 1960, àdéhùn wọn ní kí wọ́n ṣeré fún wákàtí 4 àti ààbọ̀ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kí ó sì tó wákàtí 6 ní òpin ọ̀sẹ̀. Orin olórin ló kún ẹnu wọn. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n lọ síbẹ̀ kí 1962 tó parí, ohun tí gígùn alẹ́ wọ̀nyẹn sì fipá mú wọn ṣe ló yẹ kí a wò dáadáa: orin tí wọ́n mọ̀ kò tó láti kún wákàtí bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti fa orin kan gùn, kí wọ́n wá orin tí kò sí ẹni tó ń kọ ọ́, kí wọ́n sì máa fi ara ṣe àwàdà kí àwọn èèyàn má baà jáde. Ẹni tó bá ń kọ orin 12 fún ìṣẹ́jú 45, tó sì ń lọ sílé, kò ní dé ibi tí ohun tó kọ́ yóò ti tán, tí yóò sì ní láti mú nǹkan jáde láti inú ara rẹ̀.

Ibi tí ewu wà ni kí orin yín máa jọ ti inú àwo láìyẹ̀ lálaalẹ́ títí ọdún yóò fi yí po. Àwọn tó ń jẹun kì í fetí sí orin dáadáa, ohun tí wọn kò bá sì gbọ́ kò lè fi àṣìṣe tàbí àrà han olórin. Ohun tí mo rò pé ó ń gbani lọ́wọ́ èyí ni pé kí ẹ mú orin kan ṣoṣo lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e lọ sí kíì (ìyẹn bí ohùn orin ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ tó) tó bá ọ̀fun yín mu ju ti ẹni tó ni ín lọ, tàbí kí ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ẹ sì gbé fóònù kalẹ̀ kó gba ohùn sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àtẹ́wọ́ ṣì ń dún létí yín. Ẹ gbọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí ara yín ti ta gìrì sí ohun tí ẹ fúnra yín ṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ó rí i pé àwọn ibi kan ń padà wá: bí ẹ ṣe ń pẹ́ kí ẹ tó bọ́ sínú ẹsẹ, bí ẹ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, bí ọwọ́ yín ṣe ń wúwo ní òpin. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ àdéhùn irú èyí, ẹ rí i dájú pé iye wákàtí, àkókò ìsinmi, ẹni tí yóò pèsè ẹ̀rọ, àsansílẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fagi lé eré náà wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ojú pópó

Ìnáwó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ìyókù lọ: ohun èlò kan, àti nǹkan tí àwọn tó ń kọjá lè ju owó sí. Kò sí ọ̀gá, kò sí àdéhùn, àyè sì pọ̀ débi tí ẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́kàn lé jù. Òjò lè gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kì í jẹ́ kí èèyàn kàn dúró síbi tó bá wù ú. Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n máa ń pe àwọn olórin kí wọ́n wá ṣeré níwájú àwọn onídàájọ́ kí wọ́n tó fún wọn láàyè.

Ẹni tó bá rò pé ẹni tó mọ eré ṣe dáadáa yóò dá àwọn èèyàn dúró níbikíbi, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Washington ní oṣù January 2007. Joshua Bell, ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtarìgì atafáyólìn lágbàáyé, gbé fáyólìn tí Stradivari, gbajúgbajà oníṣẹ́ fáyólìn, ṣe ní 1713 lọ sí ẹnu ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ó sì ta á fún ìṣẹ́jú 43. Èèyàn tó lé ní 1,000 ló kọjá. 7 péré ló dúró gbọ́ ọ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan. Owó tó rí kó díẹ̀ ju dọ́là 32 lọ. Àwọn kan máa ń fi èyí bú àwọn tó ń kọjá, èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Orin tó ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó sì ń dé góńgó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wà fún àwọn tó ti jókòó. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré láti fún yín. Ohun tí ojú pópó ń kọ́ olórin nìyẹn: bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ orin. Tracy Chapman, tó kọrin ní ojú pópó nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, kó tó gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1988, jẹ́ ẹni tí gìtá rẹ̀ máa ń mú èèyàn dúró kí ó tó la ẹnu.

Mo gbà pé ilé ẹ̀kọ́ tó dára ni ojú pópó jẹ́ fún oṣù díẹ̀. N kò ní gba ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ lọ́wọ́ nímọ̀ràn pé kó fi í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Orin tirẹ láti ọjọ́ kìíní

Ọ̀nà yìí ló ń wu ọ̀pọ̀ olórin jù: kí wọ́n kọ orin tiwọn, kí wọ́n kó ẹgbẹ́ tiwọn jọ, kí wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òde sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìnáwó rẹ̀ ló wúwo jù. Ẹ ó sanwó ibi tí ẹ ti gba orin sílẹ̀, ẹ ó sanwó àwọn tó bá yín ṣeré, ẹ ó sanwó fídíò, gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ yín. Owó tó ń ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá kò sì lè gbé e: ohun tí ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ ń san fún gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀kan kò tó sẹ́ǹtì kan ṣoṣo, láti 2024 sì ni Spotify, ọ̀kan lára irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ti ń san kọ́bọ̀ lórí orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12. Kí ẹ kà á sí ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń mọ̀ yín, kí ẹ má ṣe kà á sí owó oúnjẹ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀nà yòókù kò ní, ìyẹn ni ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kan: ti ẹni tó ṣẹ̀dá orin náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìró rẹ̀, àti ti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó gba owó iṣẹ́ alẹ́ kan lọ kì í sábà ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá kọ orin tirẹ̀, tó sì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin, lè máa rí owó lórí orin náà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó kọ ọ́.

Ní ti ohùn, àwọn èèyàn rò pé ọ̀nà yìí ló yá jù nítorí pé kò sí ẹni tó ń dí olórin lọ́wọ́. Fẹlá Aníkúlápó Kútì lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ó sì di olórí ẹgbẹ́ Koola Lobitos. Òun ló ń yan orin, òun ló ń darí. Síbẹ̀, high-life àti jazz tó dàpọ̀ ni ó ń lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yìn ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969 ni orin rẹ̀ tó dúró bí Afrobeat tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá, lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní ọ̀gá kankan. Àyè nìkan kì í bí ohùn. Òde tó pọ̀ ló ń bí i, òde sì ni ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kì í ní. Ẹni tó ń ṣe òde mẹ́rin lọ́dún kò tíì mọ èyí tó dára nínú orin tirẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sán, eré alẹ́

Àwọn tó ń wo iṣẹ́ oṣù gẹ́gẹ́ bí ìwà ojo ń ṣàṣìṣe. Philip Glass, tó ń ṣẹ̀dá orin, ń tún ẹ̀rọ omi inú ilé ṣe, ó sì ń wa takisí ní New York títí tó fi lé ní ẹni ogójì ọdún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe orin rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ńláńlá. Bill Withers, akọrin Amẹ́ríkà, kò fi iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe nǹkan fún ọkọ̀ òfúrufú sílẹ̀ wàrà nígbà tí àwo rẹ̀ jáde ní 1971. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti Wes Montgomery, onígìtá jazz ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ lọ́sàn-án, tó ń ta gìtá nílé ọtí títí di ìdájí. Nǹkan pẹlẹbẹ tí àwọn onígìtá fi ń ta okùn ń pariwo jù nínú ilé, kò sì fẹ́ fi dí àwọn ará ilé àti aládùúgbò lọ́wọ́, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ta á. Ohùn rírọ̀, tó nípọn, tí àtàǹpàkò yẹn mú jáde ni gbogbo onígìtá jazz mọ̀ mọ́ ọn títí di òní. Ẹni tó ní ilé ńlá tó dá dúró ì bá má rí i.

Ohun tí ọ̀nà yìí fi ju gbogbo ìyókù lọ ni pé ebi kì í bá yín yan orin. Ẹ lè kọ òde tí yóò ba ohùn yín jẹ́. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni oorun, àti ìrìn àjò: ọ̀gá tó bá ń lọ sí ìlú mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè mú yín lọ. Ara ló ń san gbèsè rẹ̀, pàápàá ọ̀fun akọrin tí kò bá sun oorun tó. Bí iye òde yín bá kéré sí méjì lọ́sẹ̀, ẹ ó rí i pé ọwọ́ yín dúró sójú kan.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ilé ẹ̀kọ́ orin, torí pé àwọn èèyàn máa ń kà á mọ́ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Kò sí lára wọn. Ó ń fún ni ní ìmọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọn yóò pe ara wọn sí òde fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí sì tóbi, ṣùgbọ́n olórin tó jáde níbẹ̀ ṣì ní láti yan ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kà sílẹ̀. Miles Davis pàápàá wọ ilé ẹ̀kọ́ orin Juilliard ní 1944, kò sì pé ọdún méjì kó tó fi í sílẹ̀ nítorí òde alẹ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ sọdá

Ẹ má ṣe fi oṣù tó dára jù lọ ṣe ìṣirò. Ẹ kọ owó òde oṣù 12 sílẹ̀, ẹ yọ ìnáwó òde kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá wo oṣù mẹ́ta tó burú jù. Bí oṣù mẹ́ta yẹn bá lè san owó ilé àti oúnjẹ, tàbí tí ẹ bá ní ohun tó tó oṣù mẹ́fà nípamọ́ láti fi dí àlàfo rẹ̀, ẹ lè fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sán náà ni kí ẹ dì mú, bó ti wù kí àwọn ọ̀rẹ́ máa yìn yín tó.

Ta ni kó yan èwo?

Ọ̀dọ́ tí kò tíì ní ẹrù ilé lọ́rùn, tó mọ ohun èlò kan lò dáadáa, kó lọ sẹ́yìn ọ̀gá tó jù ú lọ, kó sì máa yọ sójú pópó láàárín ọ̀sẹ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ orin. Méjèèjì jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́: ọ̀kan ń kọ́ ọ ní ìtẹríba fún orin, èkejì ń kọ́ ọ ní ìgboyà.

Akọrin tí ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ ohun èlò kan ṣoṣo tó ní yóò rí i pé àyè kéré lẹ́yìn ọ̀gá, nítorí pé elégbè gbọ́dọ̀ fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sínú ti àwọn yòókù. Ibi kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló dára jù fún un, bó bá lè jẹ́ kí alẹ́ mẹ́ta má tẹ̀ léra wọn láìsí ìsinmi, tó sì ń yí orin kan padà lálẹ́ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí mo ti wí.

Ẹni tó ní ọmọ, tó ní òbí tó ń tọ́jú, tàbí gbèsè, kó má ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán kí ìṣirò oṣù mẹ́ta tó burú jù tó gbà á láàyè. Àkókò náà kò ní ṣòfò bó bá lè rí alẹ́ méjì lọ́sẹ̀.

Ẹni tó ń kọ orin, tí àwọn orin tirẹ̀ kò wọ ẹnu ẹlòmíràn, tí àwọn ọ̀gá sì máa ń sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò bá tiwọn mu, ni mo lè ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́wàá, kó sì ná owó rẹ̀ sórí òde kó tó ná an sórí fídíò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù ni ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀gá fẹ́ràn, tí owó rẹ̀ ń wọlé dáadáa, tí orin tirẹ̀ sì ti pọ̀ nínú ìwé. Fún un, ó dára kó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ní gbangba, kó dá ọjọ́ tí yóò lọ, ọdún kan sí i bó bá ṣeé ṣe, kó fi alẹ́ kan lóṣù gbé orin tirẹ̀ síwájú èèyàn láàárín ọdún náà, kó sì máa kọ orúkọ àwọn tó wá lẹ́ẹ̀mejì sílẹ̀, torí pé àwọn yẹn ni òde rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ti wá nígbà tó bá dá dúró.